Alẹ́ tí GitLab pa dátábéèsì ara rẹ̀ rẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 2017, ẹnjiníà kan ní GitLab tẹ àṣẹ kan ṣoṣo, nǹkan bí 300 gígábáìtì dátà sì pòórá lórí sáfà tí àwọn oníbàárà ń lò lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì ni ó fi rí àṣìṣe náà, ó sì yára dá a dúró, àmọ́ ohun tó ṣẹ́ kù kò ju gígábáìtì 4.5 lọ. Àwa tí à ń tọ́jú dátábéèsì ti sọ ìtàn yìí di ohun tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọ iṣẹ́ tuntun: "Wo iwájú, wo ẹ̀yìn, kí o tó tẹ rm o!" rm ni àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́. Kò burú, ìṣọ́ra yẹ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ ka àlàyé tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì yóò rí i pé rm kọ́ ló jẹ dátà náà gbé. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké ojoojúmọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í yìn ọ́ tí o bá ṣe é, ni wọ́n ti dẹnu kọlẹ̀ tipẹ́ kí ọwọ́ tó ṣèèṣì.

GitLab ni ibi tí àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà ń kó kóòdù wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Dmitriy Zaporozhets ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ukraine ní ọdún 2011. Kóòdù fúnra rẹ̀ wà lórí àwọn sáfà tó ń tọ́jú fáìlì. Gbogbo ohun tó yí kóòdù náà ká, bí àkáǹtì oníbàárà, orúkọ prójẹ́ẹ̀tì, ẹ̀sùn, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ ara wọn, inú dátábéèsì PostgreSQL ló wà. Sáfà méjì ni dátábéèsì yìí ní lórí Azure, ibi tí Microsoft ti ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ ní sáfà. Èkíní, db1, ló ń gba gbogbo iṣẹ́. Èkejì, db2, kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa tún ohun tí db1 bá ti ṣe ṣe, kó lè gbapò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kú.

PostgreSQL kì í yí dátà padà láìkọ́kọ́ kọ ìyípadà náà sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní WAL. Ìwé yìí pín sí fáìlì, fáìlì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ megabáìtì 16. Bí db1 ti ń kọ ọ́ ni db2 ń kà á tí ó sì ń ṣe bí ó ti kà. Kí díìsìkì má bàa kún, db1 a máa kó WAL tó ti pẹ́ dànù. Wàhálà a bẹ́ nígbà tí db2 bá rẹ̀yìn jù, tó fi jẹ́ pé ojú-ìwé tó kàn án láti kà ni db1 ti sọ nù. Kò lè bá a mọ́ láéláé, àfi tí wọ́n bá ti ń kó WAL àtijọ́ lọ sí ibòmíràn. GitLab kò kó o lọ sí ibì kankan.

Ọjọ́ náà kò kọ́kọ́ jọ ọjọ́ ewu. Nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́, nípa aago UTC tí Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú, ẹnjiníà tí à ń wí yìí ń gbìyànjú láti gbé pgpool-II kalẹ̀ lórí sáfà ìdánwò, bóyá ó lè bá wọn pín ẹrù dátábéèsì. Ó fẹ́ kí dátà ìdánwò náà jọ ti gidi dáadáa. Ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ ya snapshot LVM, ìyẹn ẹ̀dà díìsìkì bó ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn, láti orí dátábéèsì gidi, ó sì kó o lọ sí sáfà ìdánwò. Snapshot aládàáṣe kan máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, ní aago kan òru. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó ya òmíràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó di aago méje alẹ́, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ dátábéèsì lọ́rùn. Àwọn tó ń fi pàǹtírí ránṣẹ́ ti ya bo ojúlé náà. Àkáǹtì kan tún wà tí ẹnìkan ń lo àyè rẹ̀ láti pín fáìlì fún gbogbo ayé: àdírẹ́ẹ̀sì IP tó tó 47,000 ló ń fi àkáǹtì kan ṣoṣo yẹn wọlé. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó pani lẹ́rìn-ín, ni pé oníjàgídíjàgan kan ti fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ GitLab kan pé ó ń ba ojúlé jẹ́, ẹni tó yẹ ẹ̀sùn náà wò sì ṣèèṣì fọwọ́ sí i. Sọ́fúwíà náà wá ń pa òṣìṣẹ́ ilé fúnra rẹ̀ rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti kọ láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. Pípa ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ń bí WAL lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹnjiníà náà ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ sùn, nítorí pé aago mọ́kànlá alẹ́ ti ń lù níbi tí ó wà. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé db2 ti dúró. WAL tó nílò ti kúrò lórí db1.

Bí db2 bá ti rí bẹ́ẹ̀, ohun tó kù ni kí wọ́n tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀: kí wọ́n palẹ̀ fódà dátà rẹ̀ mọ́, kí wọ́n wá lo pg_basebackup láti kó ẹ̀dà tuntun wá láti db1. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣe rí ni, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń bá wọn fa wàhálà ní gbogbo orígun. pg_basebackup kọ́kọ́ ráhùn pé max_wal_senders, iye àwọn tí db1 lè máa fi WAL ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, kéré jù. Wọ́n gbé e láti 3 sí 32. PostgreSQL kọ̀ láti dìde padà, ó ní semaphore, ohun tí ẹ̀rọ fi ń ṣètò àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n béèrè ti pọ̀ jù. Wọ́n wá rí i pé max_connections, iye ìsopọ̀ tí dátábéèsì lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, wà ní 8000. Wọ́n já a wálẹ̀ sí 2000, ó sì dìde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí 8000 yìí díẹ̀. Ní PostgreSQL, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, pẹ̀lú mẹ́mórì tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ 8000 síbẹ̀ kò retí pé 8000 yóò dé lóòótọ́. Ó kàn fẹ́ kí ìráhùn dópin ni. Mo ti rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú sáfà mélòó kan, ẹnikẹ́ni kì í sì í rántí ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n fi PgBouncer síwájú, kí ẹgbẹ̀rún ìbéèrè máa pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò. GitLab fi 8000 yìí sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan láìsí ìṣòro, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó.

Lẹ́yìn èyí, pg_basebackup gbà láti bẹ̀rẹ̀, ó wá dákẹ́. Kò sọ pé òun ń ṣiṣẹ́, kò sì sọ pé òun kùnà. Ẹnjiníà náà tún un ṣe, ó tún dákẹ́. Wọ́n fi strace, irinṣẹ́ tó ń fi ohun tí ètò kan ń ṣe hàn, wo inú rẹ̀, kò fi ohun tó yé wọn hàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an kò le: pg_basebackup ń dúró de db1 kó parí checkpoint, ìyẹn kíkó gbogbo ìyípadà inú mẹ́mórì sílẹ̀ sórí díìsìkì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dátà ránṣẹ́. Bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un, díẹ̀díẹ̀ ni db1 yóò máa ṣe checkpoint yẹn, kó má bàa fún àwọn oníbàárà lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ̀ yóò fi --checkpoint=fast kún àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa wo ojú dúdú tí kò fọhùn, ọkàn rẹ̀ á sì máa ro oríṣiríṣi. Ní gbogbo ìgbà yẹn, iṣẹ́ náà ń lọ bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ẹnjiníà náà ronú pé bóyá àwọn ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ti fi fáìlì díẹ̀ sílẹ̀ nínú fódà dátà db2, pé àwọn ni ó ń dí i lọ́wọ́. Ó pinnu láti pa fódà náà rẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Aago mọ́kànlá àbọ̀ ní UTC, aago méjìlá àbọ̀ òru ní Èkó. Ojú méjì tí a ti ń tẹ àṣẹ sí sáfà ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀: lórí ọ̀kan, db1.cluster.gitlab.com, lórí èkejì, db2.cluster.gitlab.com. Nọ́ńbà kan péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó tẹ rm lórí db1.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá ìtàn náà dúró sí nìyẹn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú ènìyàn lè ṣì í, pàápàá lóru. Torí rẹ̀ ni a ṣe ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Wọ́n bá sáré lọ síbi tí wọ́n kó wọn sí.

Èyí tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti pg_dump. Cron, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó, máa ń pè é lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kí ó kó gbogbo dátábéèsì sínú fáìlì kan, kí ó sì gbé fáìlì náà lọ sí S3, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Amazon. Wọ́n ṣí S3, òfo ni. Wọ́n wá wá fáìlì tí pg_dump ń kọ, wọ́n rí i, báìtì mélòó kan ni ó wà nínú rẹ̀. Fún dátábéèsì 300 gígábáìtì!

Ìdí rẹ̀ nìyí. Dátábéèsì wọn jẹ́ PostgreSQL 9.6, pg_dump tó ń ṣiṣẹ́ sì jẹ́ ti 9.2. pg_dump tuntun lè ka sáfà àtijọ́, àmọ́ ti àtijọ́ kì í ka sáfà tó ju òun lọ. Yóò sọ pé ẹ̀yà wọn kò bára mu, yóò sì jáde. Nínú àpò sọ́fúwíà GitLab, ẹ̀yà méjèèjì ló wà. Èyí tí yóò lò, ó máa ń wo fódà dátà tó wà lórí ẹ̀rọ náà láti fi mọ̀ ọ́n. Orí sáfà tí kì í ṣe ti dátábéèsì ni wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́ yìí sí, kò sì sí fódà dátà kankan níbẹ̀. Bí kò ti rí nǹkan kan wò, ó mú 9.2. Ojoojúmọ́ ló ń kùnà, láìpa ariwo sí ẹnikẹ́ni létí.

Kì í ṣe pé kò pariwo rárá o. Cron ń fi ímeèlì ránṣẹ́ nígbàkugbà tí iṣẹ́ náà bá kùnà, bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí ń padà wá jíṣẹ́. Àmọ́ wọ́n ti tan DMARC sórí ímeèlì ilé-iṣẹ́, ìyẹn òfin tó ń ní kí wọ́n kọ ímeèlì tí kò ní àmì ìdánimọ̀ tó tọ́. Ímeèlì cron kò ní àmì náà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń lé e padà, lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Ẹ wò ó: àwọn tó ṣe DMARC ṣe ohun tó dára. Àwọn tó gbé PostgreSQL lọ sí 9.6 ṣe ohun tó dára. Ẹni tó gbé pg_dump kúrò lórí sáfà dátábéèsì náà kò ṣe ohun tó burú. Àṣìṣe náà wà láàárín wọn, níbi tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Azure fúnra rẹ̀ lè ya snapshot díìsìkì. Wọ́n ti tan án fún àwọn sáfà fáìlì, wọn kò tan án fún ti dátábéèsì, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀dà ìpamọ́ mìíràn ti tó. db2 ńkọ́? Òun náà ni wọ́n ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀. Lórúkọ, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní láti fi gba dátà wọn là, wọ́n sì kọ ọ́ síta fúnra wọn lálẹ́ ọjọ́ náà pé kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Snapshot LVM ló kù. Ti aládàáṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ kan. Èkejì ni èyí tí ẹnjiníà yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ yà ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pgpool; òun kò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́fà lọ. Ọwọ́ tó pa dátà rẹ́ náà ni ó ti dá dátà sí láìmọ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o padà láti sáfà ìdánwò. Sáfà ìdánwò yìí wà lórí díìsìkì Azure tó rẹlẹ̀ ní owó, ìyára rẹ̀ kò sì ju megabíìtì 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Nǹkan bí wákàtí 18 ni wọ́n lò kí gbogbo rẹ̀ tó dé. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tì í kí ó yá. Èyí ni ohun tí àwọn ọ̀gá kì í béèrè nígbà tí wọ́n bá ń béèrè "ṣé a ní ẹ̀dà ìpamọ́?": wákàtí mélòó ni yóò gbà kí ó tó padà? Dídá a padà kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi aago wọ̀n rí.

Bí wọ́n ti ń dúró, wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn lórí Google Docs fún gbogbo ayé láti kà, wọ́n sì gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lórí YouTube. Nǹkan bí 5,000 ènìyàn ló ń wò wọ́n nígbà tí òǹwòran pọ̀ jù. Àwọn kan bú wọn, àwọn tó pọ̀ jù bá wọn kẹ́dùn. Inú mi dùn sí ìwà yìí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀rọ ilé ìfowópamọ́ lè dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí oníbàárà má gbọ́ ju "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á" lọ.

Kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn padà, wọ́n fi 100,000 kún gbogbo ònkà ID inú dátábéèsì. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Àwọn prójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ láàárín wákàtí tó sọnù ti ní nọ́ńbà tiwọn, àwọn ẹlòmíràn sì lè ti kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sí ibìkan. Bí ònkà bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí snapshot dúró, nọ́ńbà ẹnìkan yóò di ti ẹlòmíràn. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ UTC, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, GitLab.com padà dé. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ láàárín aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́ àti aago méjìlá òru kò padà mọ́: ó kéré tán prójẹ́ẹ̀tì 5,000, ọ̀rọ̀ àsọsí 5,000, àti nǹkan bí àkáǹtì tuntun 700. Kóòdù ẹnikẹ́ni kò sọnù, torí pé kò sí nínú dátábéèsì.

Ẹni tó bá ní dátábéèsì lábẹ́ ọwọ́, ì báà jẹ́ ti ilé-ìwé kan ṣoṣo, lè mú nǹkan mẹ́ta tó wúlò nínú èyí. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́ máa ké sí yín nígbà tó bá kùnà. Ẹ jẹ́ kó máa ké sí yín nígbà tó bá yege, kí ẹ̀rọ mìíràn tó ń ṣọ́ ọ sì ta yín lólobó bí ìhìn náà kò bá dé. Ohun tó ti kú kì í lè fi ímeèlì ránṣẹ́. Èkejì, ẹ wo bí fáìlì náà ti tóbi tó, kí ẹ fi í wé ti àná. Ìyẹn nìkan ì bá ti gba GitLab là, torí kò sí ẹni tí yóò rí báìtì mélòó kan tí kò ní fò sókè. Ẹ̀kẹta ló gba iṣẹ́ jù, òun náà sì ni mo fẹ́ràn jù: lóròòru, ẹ gbé ẹ̀dà náà sórí sáfà tó ṣófo, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan, bíi

SELECT now() - max(created_at) FROM comments;

Bí ìdáhùn bá ju ọjọ́ kan lọ, ẹ̀dà náà ti gbó. Bí ìdáhùn kò bá wá rárá, ẹ ti mọ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ara yín ṣì dá. Ní ti db2, láti PostgreSQL 10 ni replay_lag ti wà nínú pg_stat_replication, tó ń sọ bí sáfà kejì ti rẹ̀yìn tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní in lórí sáfà wọn láìwò ó rí.

GitLab to àwọn àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ ṣe síta. Snapshot LVM yóò máa wáyé ní wákàtí wákàtí, wọn yóò máa kó WAL lọ sí ibòmíràn, ẹ̀rọ yóò máa dán ẹ̀dà ìpamọ́ wò fúnra rẹ̀, wọn yóò sì ṣe àmì sí ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ kí sáfà kan má ṣe jọ òmíràn mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ, nítorí pé ó rọrùn, kò sì gba ju ìlà kan lọ nínú PS1, ètò tó ń pinnu ohun tí ojú àṣẹ ń fi hàn kí a tó tẹ nǹkan. Èyí tí mo rò pé ó wúwo jù kò ní kóòdù kankan nínú. Nígbà tí wọ́n béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi dán ẹ̀dà ìpamọ́ wò déédéé, ìdáhùn wọn ni pé kò sí ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú àkójọ àtúnṣe pé kí wọ́n yan ẹnìkan tí dátà yóò wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà bíi ti gbogbo iṣẹ́ yòókù.